Ìdáhùn Tó Wà ní Ìpamọ́

Kọ́là ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé, kò sẹ́ni tó ń rán odindi ẹ̀wù. Ẹni tó ń rán apá, apá náà ni yóò máa rán títí yóò fi darúgbó. Ẹni tó ń lu ihò bọ́tìnnì, ihò náà ló mọ̀. Obìnrin tí ìtàn yìí dá lé lórí, ọrùn ni tirẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tó ti jókòó sídìí máṣíìnì kan náà, lábẹ́ fèrèsé tí wọn kì í ṣí nítorí eruku, tó ń yí kọ́là funfun padà, tó ń fi ṣóńṣó sísọ́ọ̀sì ti igun rẹ̀ síta kó lè mú. Àwọn ọmọ tó ń wọ̀ ọ́ kò mọ̀ ọ́n, òun náà kò sì mọ̀ wọ́n.

Púrọ́fẹ́sọ̀ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń yẹ́ ẹ sí. Ọjọ́ tí wọ́n rí i tó ń kàwé nígbà ìsinmi ọ̀sán, tó gbé fóònù lé orí òkìtì kọ́là, tí ètè rẹ̀ ń mì pẹ́pẹ́, ni orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, bí máṣíìnì ẹnì kan bá ń já òwú, wọ́n á ní, "Púrọ́fẹ́sọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi gírámà bá a sọ̀rọ̀, bóyá á gbọ́." Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, torí kí ló tún fẹ́ ṣe? Obìnrin tó ti kọjá ogójì ọdún dáadáa, tí kò lọ́kọ, tí kò bímọ, tó wá lóun ń lọ sí yunifásítì, òun náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Yunifásítì ọ̀hún kò ní ọgbà tí èèyàn lè nawọ́ sí. Orí ẹ̀rọ ayélujára ló wà. Inú fóònù ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ka ìwé. Olùkọ́ tó kọ ìwé náà kò rí akẹ́kọ̀ọ́ rí, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì mọ̀ bóyá olùkọ́ ọ̀hún ṣì wà láyé. Ohun méjì péré ló so wọ́n pọ̀: asáínmẹ́ǹtì àti ìdánwò. Asáínmẹ́ǹtì, èèyàn lè jókòó sílé ṣe é lórí ìkànnì wọn. Kọ̀ǹpútà ló ń máàkì rẹ̀, ọgbọ̀n máàkì sì ni gbogbo rẹ̀ fún kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ìdánwò ní tirẹ̀, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń fi bírò kọ ọ́, lójú àwọn tó ń ṣọ́ wọn: wákàtí mẹ́ta, ìbéèrè mẹ́rin, àádọ́rin máàkì. Ẹni tó bá ti kó ogójì jọ láti ibi méjèèjì ti yege. Kí ẹni tó ń kà á má fojú fo ìṣirò yìí o, torí òun gan-an ló ṣe obìnrin yìí léṣe ju ohunkóhun lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló rán an níwèé, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni. Nígbà àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì ṣì kéré. Bàbá wọn ti bá tirẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà. Ìyá wọn, tó ti ń ṣàìsàn, kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ méjèèjì wà nílé ìwé. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn wọlé bá a. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ la ẹnu. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohun tó sọ ni pé òun ò lọ sílé ìwé mọ́, òun ń lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì, àbúrò òun nìkan ni yóò máa lọ.

Àbúrò lọ. Ó ku díẹ̀ kó jáde ló lóyún fún ọmọkùnrin kan tí kò tún fojú kàn mọ́, oyún náà kò sì dúró. Ẹ̀gbọ́n kò pariwo, kò nà án. Ó kàn ká yúnifọ́ọ̀mù àbúrò rẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ó kó o sí abẹ́ àpótí, ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ. Ìyẹn dun Àbúrò ju ẹgba lọ.

Ìgbà kejì, Ẹ̀gbọ́n ti dàgbà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti parí yunifásítì, ó sì ti ríṣẹ́ sídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà wọkọ̀ lọ, Ẹ̀gbọ́n kọjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ó ku ìwọ."

"Kí ló ku èmi, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ìwé tó o jù sílẹ̀. Àbí o rò pé mo ti gbàgbé ni?"

"Ẹ wò ó, mo ti dàgbà jù."

"Ta ló bi ẹ́ léèrè ọjọ́ orí? Lọ forúkọ sílẹ̀ jàre."

Bó ṣe di Púrọ́fẹ́sọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé ìwé ń pè é, a ò ní purọ́. Ó kàn fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n rí i pé nǹkan kan dópin lọ́wọ́ òun ni.

Ìwọ̀nba ọdún ni yunifásítì náà máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí ọdún bá pé mọ́ lọ́wọ́, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, gbogbo kọ́ọ̀sì tó ti yege á sì dòfo. Púrọ́fẹ́sọ̀ ì bá ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n àìsàn dé bá Ẹ̀gbọ́n. Ọkàn ni. Dókítà ní iṣan ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, kò lè dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ìjókòó ló ń sùn, ìrọ̀rí rẹpẹtẹ lẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ìdánwò ni Púrọ́fẹ́sọ̀ fi sílẹ̀ nítorí ọ̀nà ilé ìwòsàn. Nígbẹ̀yìn, dókítà ní kí wọ́n máa tọ́jú Ẹ̀gbọ́n nílé, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí kò sí nǹkan tí wọ́n tún lè ṣe.

Lọ́jọ́ tí wọ́n délé, Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú.

"Gbogbo ẹ̀ ni mo gbà. Nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń bẹ̀ ẹ́. Má jẹ́ kí n dá nìkan kú bíi Màámi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Mo ti sọ ọ́. Dá mi lóhùn."

"Ẹ ò ní dá nìkan kú. Èmi rèé."

Ohun tó ṣèlérí nìyẹn, láìsí ẹlẹ́rìí. Láti ọjọ́ náà, ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jẹ́ kóun máa gbé kọ́là wálé rán. Ó gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó fi máṣíìnì síwájú rẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí ó bá jáde ra nǹkan, sísáré ló ń sáré padà.

Ó wá ku kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ọdún tí wọ́n fún un náà sì ń tán lọ. Bó bá yege kọ́ọ̀sì yìí, ó ti gboyè. Bí kò bá yege, ó parí, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin oníkọ̀ǹpútà ló ti máa ń ṣe asáínmẹ́ǹtì rẹ̀. Òun á máa dáhùn, ọkùnrin náà á máa tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tó bá kù láti tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin náà ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí kò lè kúrò nílé, orí fóònù ló ní láti ṣe é. Ó pe oníkọ̀ǹpútà.

"Kò le rárá, Mà," ni ọkùnrin náà wí. "Tẹ́ ẹ bá ti dáhùn, ẹ ṣáà rí i pé ó wà ní ìpamọ́. Ẹ mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ṣe rí. Ìpamọ́ yẹn ṣe pàtàkì o."

Òun àti Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jọ ṣe é. Á ka ìbéèrè sókè, Ẹ̀gbọ́n á di ojú, á máa gbọ́.

"'Èwo nínú ìwọ̀nyí ni kì í ṣe ojúṣe ọ̀gá ilé iṣẹ́?'"

"Kó sanwó lásìkò," ni Ẹ̀gbọ́n dáhùn, láìla ojú. "Ti ọ̀gá tiyín nìyẹn."

"Wọn ò kọ ìyẹn síbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Wọn ò mọ nǹkan kan nìyẹn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá Ẹ̀gbọ́n dúró. Nígbà tí wọ́n dáhùn tán, ojú fóònù to gbogbo ìbéèrè sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: ìdáhùn ti wà ní ìpamọ́. Púrọ́fẹ́sọ̀ kà á sókè fún Ẹ̀gbọ́n láti òkè délẹ̀. Ọkàn àwọn méjèèjì balẹ̀. Lójú wọn, ohun tí wọ́n bá ti bá èèyàn fi pamọ́ ti wà lọ́wọ́ ẹni tó bá a fi í pamọ́. Yunifásítì ti gbà á nìyẹn. Kò mọ̀ pé bí òun bá fi àtàǹpàkò ti ojú ìwé náà sókè díẹ̀ sí i, bọ́tìnnì pupa kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Fóònù rẹ̀ kéré. Ojú ìwé náà sì dà bí èyí tó ti parí. Bó ṣe ṣe ti àkọ́kọ́ náà ló ṣe àwọn asáínmẹ́ǹtì yòókù.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, Púrọ́fẹ́sọ̀ ní òun ò lọ. Ẹ̀gbọ́n ti burú sí i, kò lè parí gbólóhùn kan láìsinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ka búrẹ́dì láti kékeré kò lè fi ìṣirò sílẹ̀.

"Mélòó ló ti wà nílẹ̀, nínú asáínmẹ́ǹtì?"

"Ká ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. A gbà á dáadáa."

"Mélòó ló kù... kó pé ogójì?"

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ìbéèrè kan ń kọ́?"

"Mẹ́tàdínlógún àtààbọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. "Dáhùn méjì. Kó o dìde. Kó o máa bọ̀. Má ṣe àṣejù lọ́hùn-ún o. Kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́... pé o gbapò kìíní."

Bí wọ́n ṣe fẹnu kò sí nìyẹn. Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì, tó ń fọ ilẹ̀ nílé ìfowópamọ́, gbà láti jókòó ti Ẹ̀gbọ́n. "Àmọ́ aago méjìlá ni o, Púrọ́fẹ́sọ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, súpáfáísọ̀ wa á fi mí ṣẹ̀sín." Púrọ́fẹ́sọ̀ ní kó fọkàn balẹ̀, òun á ti dé tipẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú Ẹ̀gbọ́n ti ṣú, èékánná rẹ̀ ti dúdú. Púrọ́fẹ́sọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lọ, kò bọ̀.

"Lọ," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Mi ò tíì... lọ síbì kankan."

Ó lọ.

Gbọ̀ngàn ìdánwò náà wà ní ilé ìwé kan tí wọ́n yá lò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tò sẹ́nu ilẹ̀kùn, àgbà ni púpọ̀ nínú wọn: nọ́ọ̀sì, awakọ̀, ìyá ọlọ́mọ, bàbá arúgbó kan tó wọ kóòtù. Ẹni tó wà níwájú Púrọ́fẹ́sọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, ibi iṣẹ́ ló ti wá, kò tíì bọ́ aṣọ rẹ̀. Ó ń wo fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Wọ́n ti gba asáínmẹ́ǹtì tèmi, Mà. Ọ̀gànjọ́ àná ni wọ́n ti ìkànnì pa. Ẹ yẹ tiyín wò kí wọ́n tó ní ká pa fóònù."

Púrọ́fẹ́sọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ti ọkùnrin náà kọ ọ́ pé: ó ti parí. Tirẹ̀ kọ ọ́ pé: ó ṣì wà lọ́wọ́.

"Kí ni wọ́n ń pè ní ó ṣì wà lọ́wọ́?" ló bi í.

Ọkùnrin náà gba fóònù rẹ̀, ó wò ó, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Mà, ṣé ẹ fi ránṣẹ́?"

"Ó wà ní ìpamọ́. Gbogbo ẹ̀ ló wà ní ìpamọ́. Mo kà á."

"Ìpamọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ni wọ́n bá fi pamọ́. Ṣé ẹ tẹ bọ́tìnnì pupa, nísàlẹ̀ pátápátá?"

Ó fi àwọn tó wà níwájú sílẹ̀, ó lọ bá obìnrin tó ń yẹ káàdì wò lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ń kọsẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin náà kò jágbe mọ́ ọn. Ó gbọ́ ọ délẹ̀.

"Ohun tẹ́ ò bá fi ránṣẹ́ kò lè dé ọ̀dọ̀ wa, Mà. Òdo ni wọ́n máa kọ síbẹ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ pa fóònù, ẹ jù ú sínú báàgì, ẹ wọlé."

Nígbà tó jókòó, kò kọ́kọ́ rí nǹkan kan lójú ìwé ìbéèrè. Lẹ́yìn náà ló ṣírò rẹ̀. Bí ó bá dáhùn ìbéèrè méjì, tó sì gbà á tán láìṣìnà, márùndínlógójì ni. Kò yege. Bí ó bá dáhùn mẹ́ta, ó lè yege, ó lè máà yege. Ó ní láti dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní láti jókòó títí wọ́n á fi ní kí wọ́n fi bírò sílẹ̀.

Ó ronú pé kóun dìde nígbà náà gan-an. Ṣùgbọ́n kí ló máa sọ tó bá délé? Pé, Ẹ̀gbọ́n mi, mo tún ti jù ú sílẹ̀? Ó rí i tí Ẹ̀gbọ́n tún ń ká aṣọ mẹ́rin-mẹ́rin láìsọ̀rọ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò lè jẹ́ òní. Ó ní ẹni tó sọ pé òun ò lọ síbì kankan, ó mọ ohun tó ń sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Nígbà tó parí ìbéèrè kejì, ó gbé orí sókè wo aago ara ògiri. Àsìkò tó yẹ kó dìde ti tó. Àwọn kan dìde lóòótọ́, wọ́n kó ìwé wọn sílẹ̀, wọ́n jáde sínú oòrùn. Púrọ́fẹ́sọ̀ ṣí ojú ìwé tuntun, ó kọ "Ìbéèrè Kẹta" sí òkè rẹ̀, ó fi rúlà fàlà sí i nídìí. Mo mọ àwọn tó máa ní àwọn ì bá dìde. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọn ò jókòó sórí àga yẹn.

Nígbà tó jáde, tó tan fóònù, ìpè tí kò rí gbé ti kún ojú rẹ̀, ti aládùúgbò rẹ̀ ni gbogbo wọn. Ó pè é padà, kò gbé e. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé òun ló ń wakọ̀. Láti ibi tó ti sọ̀kalẹ̀, ó sáré dé ilé, bàtà ẹsẹ̀ kan ti já bọ́, kò dúró mú un.

Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, wọn ò tì í. Ẹ̀gbọ́n ti kú. Ó ti kúrò lórí àwọn ìrọ̀rí, ó ti sún dé etí ibùsùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa àga tí àbúrò rẹ̀ máa ń jókòó lé mọ́ àyà. Púrọ́fẹ́sọ̀ gbìyànjú láti tú ọwọ́ náà kúrò lára àga. Kò fẹ́ tú. Ó jókòó sílẹ̀ nígbà náà, ó fi orí ti ẹsẹ̀ àga, ó ń sọ pé, "Mo ti dé o, Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé," títí ohùn rẹ̀ fi há.

Aládùúgbò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́, òun náà ń sunkún, ó ń na ara rẹ̀ nítan. Ó ní òun dúró kọjá aago méjìlá. Ó ní òun pè títí, súpáfáísọ̀ sì ń pe òun. Ó ní Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló ní kóun máa lọ.

"Wọ́n ní, 'Máa lọ, ó ti ń bọ̀. Ìbéèrè méjì péré ló fẹ́ dáhùn.'"

Ọmọ Ẹ̀gbọ́n pè láti orí òkun. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gé ohùn rẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó sunkún, lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí Púrọ́fẹ́sọ̀ ti ń bẹ̀rù kó béèrè.

"Mọ́mì Kékeré, ta ló wà lọ́dọ̀ wọn?"

Ó mọ òtítọ́. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. "Èmi ni," ló sọ. "Ìbéèrè méjì ni mo dáhùn, mo sáré wálé. Mo di ọwọ́ wọn mú."

"Ṣé wọ́n sọ nǹkan kan?"

"Wọ́n ní kí n kí ẹ."

Ọmọkùnrin náà ń dúpẹ́, ó ń dúpẹ́, títí ìlà fi já.

Èsì ìdánwò jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti sin Ẹ̀gbọ́n tipẹ́. Púrọ́fẹ́sọ̀ ti padà sí ilé iṣẹ́, sábẹ́ fèrèsé rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà ló ti lọ wò ó. Asáínmẹ́ǹtì: méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìdánwò: mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ọkùnrin náà fò sókè, ó pàtẹ́wọ́, ó ní kí Mà wá ra mínírà fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Púrọ́fẹ́sọ̀ kò rí nǹkan mìíràn ju nọ́ńbà àkọ́kọ́ lọ.

"Mi ò fi asáínmẹ́ǹtì ránṣẹ́. Bọ́tìnnì pupa yẹn, mi ò tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, Mà. Tí àkókò bá ti pé, ohun tó bá wà ní ìpamọ́, kọ̀ǹpútà wọn á kó o lọ fúnra ẹ̀. Ó kàn lè pẹ́ díẹ̀ kó tó hàn ni. Ṣebí mo sọ fún yín pé ìpamọ́ ló ṣe pàtàkì?"

Ó ní òun ti gbọ́. Ó béèrè pé ìgbà wo ni kọ̀ǹpútà máa ń kó o. Ọkùnrin náà ní ọ̀gànjọ́ tí wọ́n bá ti ti ìkànnì pa, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Púrọ́fẹ́sọ̀ dìde, ó dúpẹ́, ó gbàgbé báàgì rẹ̀ sórí àga, wọ́n sáré gbé e tẹ̀ lé e. Ní ilé iṣẹ́, wọ́n pariwo pé Púrọ́fẹ́sọ̀ ti di púrọ́fẹ́sọ̀ tòótọ́, wọ́n fi kọ́là funfun kan kọ́ ọ lọ́rùn bí ẹni fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Ó jẹ́ kí wọ́n ṣe tiwọn tán, ó bọ́ ọ, ó yí igun rẹ̀ síta.

Nígbà tí ọkọ̀ òkun gúnlẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbọ́n wálé. Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń sọ fún. "Ẹ rí Mọ́mì Kékeré tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí? Ìdánwò tó jẹ́ àṣekágbá ni wọ́n fi sílẹ̀ láàárín méjì nítorí màámi. Mélòó nínú wa ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?" Wọ́n á ní Ọlọ́run á san án fún un. Púrọ́fẹ́sọ̀ á máa wo ilẹ̀, wọ́n á ní ẹ ò rí i bí kì í ṣe fẹ́ kí wọ́n yin òun. Aládùúgbò náà á gba ẹnu ọ̀nà kọjá, kò ní sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ tí ilé dá, àwọn méjèèjì jókòó sí yàrá Ẹ̀gbọ́n.

"Ẹ jẹ́ n rí èsì yẹn ná," ni ọmọkùnrin náà wí. "Ó yẹ kí n fi han àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́."

Ó lè ní fóònù kò ní iná. Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó gbé e fún un.

"Méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹ kú iṣẹ́, Mà! Ìdánwò, mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mọ́kànlélọ́gọ́ta kẹ̀! Mọ́mì Kékeré, ẹ̀yin lẹ..."

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sídìí ẹ́ńjìnnì, nọ́ńbà ló ń bá sùn tó ń bá jí. Òun náà ti kọ ìdánwò rí. Ó wo fóònù, ó wo Mọ́mì Kékeré rẹ̀, ó tún wo fóònù.

"Ìbéèrè mélòó ni gbogbo ẹ̀?"

"Mẹ́rin."

"Àádọ́rin ni mẹ́rin." Ó rọra ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń fẹ́ kí ìṣirò òun ṣìnà. "Méjì ò lè ju márùndínlógójì lọ, Mà. Mélòó lẹ dáhùn?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Ó gbé fóònù náà sílẹ̀ lórí ibùsùn, ó dojú rẹ̀ dé. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀ nígbà tó tún sọ̀rọ̀.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ wọn nígbà yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan," ni Púrọ́fẹ́sọ̀ wí. "Àwọn nìkan ni."